Mo Kúnlẹ̀, Mo sì Kọ̀

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láti fi sọ fún ìyá ọkọ mi pé n kò ní ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe: màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Bí àwọn òbí mi ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ọmọ tí a kọ́ tó sì gba ẹ̀kọ́ kì í dúró gbagidi kó máa bá àgbà jiyàn. Nítorí náà, bí màmá bá ti gbé àgbo dé fún ọmọ, màá kúnlẹ̀, màá fi ọwọ́ méjèèjì gba ife, màá ní, "Ẹ ṣé, màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa," màá sì lọ gbé ife náà sórí fíríìjì. Bí ẹ bá rí orí fíríìjì wa ní Agbowó nígbà náà, ẹ ó rò pé àgbo là ń tà.

Láti Èkìtì ni wọ́n ti wá nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, kí wọ́n lè bá mi wẹ ọmọ. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n mọ ọmọ wẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á fà á lápá, wọ́n á fà á lẹ́sẹ̀, wọ́n á wá dojú kọ orí rẹ̀, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní orí náà ti gùn jù.

"Orí yìí kì í ṣe ti ilé wa," ni wọ́n máa ń sọ, ojú wọn á sì wà lára mi.

Òótọ́ ni. Orí bàbá mi ni. Bàbá mi gbé orí náà ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló fà á. Ọkọ mi, tó yẹ kó là wá, á ṣàdédé rántí pé iṣẹ́ ń dúró de òun ní ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé!

Ohun tó ń bí màmá nínú jù lọ ni ìwé tí mo kà. Bí mo bá ní kí omi ọmọ kọ́kọ́ hó, wọ́n á ní, "Ìwé tún ti sọ̀rọ̀." Bí mo bá ní ọyàn nìkan ló máa mu, ọmọ náà ni wọ́n máa ń bá sọ ọ́: "Ọkọ mi, má bínú. Yunifásítì ni ìyá rẹ lọ, kò mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ọ́." Ẹ̀yin ará, jọ́gíráfì ni mo kà. Òkè, odò, àti bí òjò ṣe ń rọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí olùkọ́ kankan dárúkọ ìgbẹ́ gbuuru fún wa.

Ọmọ jókòó, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rákò, màmá kò lọ. Wọ́n ní àwọn kò lè fi orí ọmọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí gbuuru fi dé.

Màmá ní eyín ni. Wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní àwọn ti kan orí eyín náà. Wọ́n kì mí nílọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fún un lómi, pé omi náà ló ń yà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ, a gbọ́dọ̀ dá a padà ni." Mo dìde, mo po omi tó ti hó pọ̀ mọ́ iyọ̀ àti ṣúgà bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí bù ú fún un.

Màmá wo iyọ̀, wọ́n wo ṣúgà. "Ó ku gààrí," ni wọ́n wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun gbogbo tí mo bá bù fún un ló ń bì. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Àwùjẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ wọlé. Ó ń sunkún, omijé kò jáde. Ẹ̀rù bà mí. N kò rántí kúnlẹ̀. Mo dúró níbi tí mo wà, mo ní, "Màmá, ilé ìwòsàn là ń lọ báyìí." Wọ́n wo orúnkún mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì wọlé lọ mú gèlè wọn. Wọ́n mú ìgò àgbo kan pẹ̀lú, wọ́n fi sínú báàgì.

A wọ takisí Máíkírà. Ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn ni mo tó mọ ohun tí mo wọ̀: jẹ́sì bọ́ọ̀lù ọkọ mi, ìró ìdáná, sálúbàtà pupa lẹ́sẹ̀ kan, dúdú lẹ́sẹ̀ kejì. Èrò kún ibẹ̀ bámúbámú. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì wò mí láti orí dé sálúbàtà.

"Ìyá yìí, lọ jókòó. A ó pè ọ́."

Kí n tó lanu, màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Màmá, tí gbogbo ìyàwó ilé ń kúnlẹ̀ fún! Wọ́n kúnlẹ̀ fún ọmọ tí àbíkẹ́yìn wọn lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ ṣàánú wa, mà."

Nọ́ọ̀sì kò gbójú sókè. "Màmá, mo ní ẹ lọ jókòó."

Màmá sì dìde, wọ́n lọ jókòó. Obìnrin tí kò gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé mi lọ jókòó wọ̀ọ̀ bí ọmọ iléèwé.

Inú bí mi. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tẹ orí ọmọ mi ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró gbagidi níwájú tábìlì, mo da òyìnbó bolẹ̀. Mo sọ ti ojú tó jìn, mo sọ ti àwùjẹ̀, mo sọ pé kò tọ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Mo béèrè dókítà, mo béèrè ọ̀gá dókítà, mo béèrè ẹni tó gba dókítà síṣẹ́. Mo rò pé mo tiẹ̀ mẹ́nu ba ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí ohun tí èèyàn kọ́ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá yìí" di "mádàámù". Àga jáde láti ibi tí kò sí àga tẹ́lẹ̀. Dókítà dé, wọ́n rí iṣan, wọ́n fa omi sí ọmọ mi lára.

Màmá ń wo omi tó ń kán tó-tó-tó. "Kí ló wà nínú rẹ̀?" ni wọ́n bi nọ́ọ̀sì.

"Iyọ̀ àti ṣúgà ni, màmá."

Màmá wò mí. Ó ku gààrí, ni mo fẹ́ wí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́.

Nígbà tó yá, ọmọ náà tọ̀ sí wọn lára. Inú mi dùn sí ìtọ̀ yẹn ju ìwé ẹ̀rí mi lọ. Màmá kò nù ún. Wọ́n gbé ọmọ náà sẹ́sẹ̀, wọ́n sì rọra sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

"Ìyàwó mi, ẹnì kan ti ṣáájú ọkọ rẹ."

N kò gbọ́ ọ rí.

"Gbuuru náà ni. Mo gbé e dé ọsibítù. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé ó ń lọ. Mo mọ̀. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n lọ jókòó, mo jókòó. Nígbà tí wọ́n máa fi pè mí, ó ti tutù lẹ́yìn mi." Wọ́n tẹ̀ báàgì wọn, ìgò inú rẹ̀ dún. "Láti ìgbà náà ni mo ti ń se àgbo mi fúnra mi. Àgbo kì í ní kí èèyàn lọ jókòó."

Omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni mo ti rò pé ìwé ni wọ́n kórìíra.

Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí wa, ó pọn ọmọ, orí ọmọ náà ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kàn jókòó.

"Ìyẹn ti wà níbẹ̀ ká tó dé," ni màmá wí.

Mo dìde, mo tọ nọ́ọ̀sì náà lọ. Níwọ̀n ìgbà tí kì í ti ṣe ọmọ tèmi, mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló yẹ. Mo ti ń tẹ orúnkún nígbà tí ọwọ́ kan gbá mi lápá mú láti ẹ̀yìn, ó sì fà mí sókè.

"Má kúnlẹ̀," ni màmá wí. "Dúró. Sọ ọ́ bí o ṣe sọ ti ọkọ mi."