Ibi Tí Ilẹ̀ Kò Ti Ṣeé Gbẹ́

Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá sí Mowe láti Òṣogbo, bàbá onílé wa ló jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ mi lára. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun rí nígbà èwe rẹ̀, nídìí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìrun alásárì, á wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, á máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí: ìlú kan lókè pátápátá ní Nọ́wè, níbi tí oòrùn kì í yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n ń sá pańla sórí igi nínú òtútù títí á fi gbẹ, láìfi iyọ̀ kankan sí i. Mo máa ń fetí sí i. N kò kúkú gbà á gbọ́ tán.

Lọ́jọ́ kan ó ní bí èèyàn bá kú níbẹ̀ nígbà yìnyín, wọn kì í lè sin ín. Ilẹ̀ á ti dì, ọkọ́ kò ní wọ̀ ọ́. Ilé onípákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú, ibẹ̀ ni wọ́n á gbé e sí títí ilẹ̀ á fi rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, èyí ti pọ̀ jù."

Bàbá dìde, ó wọlé, kò sì padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyàwó rẹ̀ ló là á yé mi. Ọ̀rẹ́ bàbá kan, ọmọ Ifọ̀, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, ni òtútù àyà pa sí ìlú yẹn. Ọkọ̀ kò lè dúró de ìsìnkú. Bàbá padà sílé, ó lọ bá ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ bó ṣe rí fún un. Ìyá náà mọ̀ pé a kì í fi òkú Mùsùlùmí falẹ̀, ó ní irọ́ ni, pé kí ó sọ ohun tó fi ọmọ òun ṣe. Ìyá náà kò bá bàbá sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ojú tì mí. Mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá, mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo gba orúkọ ìlú náà lẹ́nu rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Nọ́wè. Ó pẹ́ kí ó tó gba ìsinmi, àmọ́ ó lọ. Ilé onípákó náà ṣì wà. Ẹni tó ń tọ́jú itẹ́ òkú ṣí ìwé àtijọ́ fún un: oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ikú ni wọ́n tó sin ọmọ Ifọ̀ náà. Ó ya fọ́tò òkúta kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, wọ́n ṣi lẹ́tà kan kọ.

Bàbá wo fóònù mi títí. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Mú mi lọ sí Ifọ̀."

Àbúrò olóògbé, obìnrin tó ti darúgbó, nìkan ló kù nínú ilé wọn. Ó gbé omi fún wa, ṣùgbọ́n kò jókòó. Mo fi fọ́tò hàn án, mo ka orúkọ náà sí i létí. Ó fi ìka kan òkúta náà, ó wá bi bàbá pé:

"Ta ló wẹ̀ wọ́n?"

"Èmi ni," bàbá dáhùn. "Omi gbígbóná ni mo fi wẹ̀ ẹ́, torí òtútù náà. Èmi nìkan ni mo kírun sí i lára."

"Ìyá wa ì bá ti gbọ́ èyí."

"Mo sọ ọ́ fún wọn."

"Ẹ sọ ọ́," ni obìnrin náà wí. "Àwa la ò gbọ́."

Ìgbà náà ló tó jókòó tì í. Wọ́n jọ ṣàdúà fún òkú náà, wọ́n sì sunkún díẹ̀, láìpariwo.

Mo lọ tẹ fọ́tò náà sórí ìwé méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan létí ọ̀nà. Obìnrin náà gba tirẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Bàbá kò gba tirẹ̀. Ó ní òun kò gbàgbé ibẹ̀ rí, pé àwọn ará ilé olóògbé ló yẹ kí wọ́n rí i.