Ẹnu Dursun

Dursun Tokgöz ni gbogbo abúlé máa ń bẹ̀ kó bá wọn tọrọ ìyàwó. Èdè Tọ́kì dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí bàbá ọmọ tó kọ̀ fún un rí.

Nígbà tó kan ọmọ-ọmọ tirẹ̀, Ankara ni wọ́n ti lọ tọrọ. Dursun fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù dúdú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé kọfí wá, wọ́n mu ún, ilé sì dákẹ́, nítorí àgbà ilé ọkọ ló máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọfí.

Bàbá ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹnu yín là ń wò o. Àbí kọfí ọmọ mi ti gba ohùn lọ́nà ọ̀fun yín ni?"

Dursun bẹ̀rẹ̀: "Pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run..."

Tuncay ọmọ rẹ̀ fọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀. "Ẹ sinmi, Bàbá." Ó kọjú sí àwọn àna. "Ẹ má bínú, ohùn ará oko ni tiwọn. Lọ́yà Nejat, ọ̀rẹ́ mi, ni yóò bá wa sọ ọ́ bó ṣe yẹ."

Ẹnìkan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń wolẹ̀.

Lọ́yà sọ ọ́: pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run àti ọ̀rọ̀ Ànọ́bì, a wá tọrọ ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ tí Dursun fẹ́ sọ gan-an ni. Wọ́n gbà, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Dursun gbé ife sílẹ̀, ó dìde.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé. Ẹ ti rí ẹnu tó bá yín mu."

Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde.