Ibi Tí Èèrà Ń Lọ

Mò ń yọ́ ṣokoléètì tí mo fẹ́ fi ṣe kéèkì ní kíṣìnnì mi ní Yábà, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀sán kan nígbà tí mo wà ní kékeré, nílé ìyá àgbà wa ní Sùúrùlérè.

Àǹtí mi tó ń ṣe kéèkì fi oríṣi ṣokoléètì méjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá àgbà.

“Eléyìí korò, kò ní ṣúgà. Èyí tẹ́ ẹ máa ń rà jẹ, ṣúgà ló kún inú ẹ̀. Èèrà ni kó o bi.”

Àmọ́ èèrà kọjá lára méjèèjì, wọ́n tẹ̀ léra wọn lọ sídìí póò ìtọ̀ ìyá àgbà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ìyá àgbà, kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀?”

“Bóyá èmi náà dùn ni.”

Ìtọ̀ ṣúgà ni. Èèrà ló kọ́kọ́ mọ̀ nílé wa.

Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín. Èèrà ti bo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì gbọn wọ́n dànù, àfi bíi pé kò mọ̀ ọ́n lára.