Àṣìṣe Tó Ń Sá fún Mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá àṣìṣe kan nínú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan sínú dísíìkì. Iṣẹ́ méjì máa ń dé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á kọ tirẹ̀ lé ti èkejì lórí, fáìlì á sì bàjẹ́. Tí mo bá ní kí ètò náà máa ròyìn ohun tó ń ṣe fún mi, ìròyìn yẹn á dá a dúró díẹ̀, iṣẹ́ méjèèjì ò sì ní pàdé mọ́. Bí mo bá ti yọ ọ́ kúrò, àṣìṣe á tún dé. Ó sú mi pátápátá, mo sì ń ṣẹ́ èpè fún ẹni yòówù tó kọ ọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyàwó mi bá mi ní pálọ̀ wa ní Dutsen Kura. Ó ní, "Haba, Bàbá wọn, ta ló tiẹ̀ kọ ibi tó ń dà yín láàmú yìí?"

Mo ṣí àkọsílẹ̀ tó ń sọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ètò náà láti fi orúkọ onítọ̀hún hàn án. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo ti jẹ́ kí iṣẹ́ kejì wọlé kí ti àkọ́kọ́ tó parí.

Mo gbé ìlà tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ kejì wọlé wá sísàlẹ̀ ibi tí ti àkọ́kọ́ ti ń parí, fáìlì ò sì bàjẹ́ mọ́. Síbẹ̀, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Orí mi ni gbogbo èpè tí mo ti ń ṣẹ́ já lé.