Àlọ́ Ọ̀sán Gangan

Màámi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa àlọ́ lọ́sàn-án. Láti kékeré la ti mọ̀ nílé wa pé ẹni tó bá pa àlọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti rí i pé ikú kì í béèrè bóyá èèyàn pa àlọ́ tàbí kò pa á. Síbẹ̀, ẹ̀rù òfin yẹn ò kúrò lára mi, òun náà ló sì ṣe mí ní jàǹbá.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo mú Màámi lọ sí Malta fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó gbọ́ pé òkúta àtijọ́ la máa lọ wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Òkúta wo ni wọ́n fẹ́ fi han ọmọ Abẹ́òkúta?"

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin tó ń mú àwọn àlejò káàkiri kó wa lọ sí Gozo, erékùṣù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn òkúta náà ga ju ilé lọ, oòrùn sì ti kàntàrí. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Ó ní òmìrán obìnrin kan ló kọ́ ibẹ̀. Ẹ̀wà ló ń jẹ, òkúta ló ń rù lórí, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Màámi ti fi ọwọ́ di etí méjèèjì. "Hàáà! Àlọ́ lọ́sàn-án gangan! My son, your mummy ńkọ́? She's alive?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun wà nílé, ó ń se ẹran ehoro.

"Then stop it now now!" Ló bá bínú, ó lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì.

Ojú tì mí, àmọ́ mo dúró, mo gbọ́ ìtàn náà parí. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní, "Obìnrin yẹn, tó pọnmọ, tó tún ru òkúta, ta ló sọ̀ ọ́?"

Ìbéèrè tó mọ̀ dáadáa ni. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, Màámi máa ń pọn àbúrò mi, á tún ru igi ìdáná bọ̀ láti oko. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á máa pè wá pé ká wá sọ òun, ká gba igi náà lórí òun.

"Ó di alẹ́, Màámi," mo ní.

Kí alẹ́ tó lẹ́, oorun ti gbé e lọ. A padà sílé wa ní Becontree, iṣẹ́ gbà mí lọ́kàn, mo sì gbàgbé.

Èmi nìkan ló gbàgbé. Nínú oṣù kẹfà ọdún yìí, àìsàn dá Màámi wólẹ̀, àwọn dókítà ní kò sóhun tí àwọn lè ṣe mọ́, ká máa gbé e lọ sílé. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí pálọ̀, níbi tó ti lè máa wo àwọn igi Parsloes Park. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kan, ó lajú. "Ta ló sọ obìnrin yẹn?"

Gbólóhùn kan péré ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi. Àmọ́ ilẹ̀ ò tíì ṣú, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣú, Màámi, màá pa á látìbẹ̀rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ò tíì gbàgbé ẹ̀kọ́ mi."

Ẹni tó bá mọ Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹfà mọ̀ pé oòrùn ibẹ̀ kì í fẹ́ lọ sílé. Aago méje lù, ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ kedere, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù ní páàkì. Mo fa kọ́tìnnì pa.

"Kọ́tìnnì kọ́ ni alẹ́ o," Màámi wí. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀: "Ó ti ṣú?"

"Ó ku díẹ̀, Màámi."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń bú oòrùn nínú ọkàn mi. Kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó ti lọ. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yọ létí kọ́tìnnì. Òfin tó kọ́ mi kí n má bàa ṣekú pa á ni mo fi fi ìdáhùn dù ú, kò sì sí ọjọ́ tí kì í dùn mí.

Itẹ́ òkú Rippleside la sin ín sí. Nígbà táwọn èèyàn lọ tán, mo dúró lẹ́bàá sàréè, oòrùn wà lórí mi gangan. Mo pè é: "Ààlọ́ o!" Mo pa á fún un, látorí ẹ̀wà dórí òkúta, dórí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó sọ̀ ọ́, Màámi. Fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi ọwọ́ kan di ọmọ mú, títí òkúta fi kanlẹ̀."

Ọ̀sán gangan ni mo pa á. Mi ò ní ìyá tí mo máa pàdánù mọ́.