Tísà Ìṣirò àti Fídíò Tí Wọ́n Fi Ń Wò Ó

Kò sí fídíò tí tísà ìṣirò àdúgbò wa ní Mushin yá ní ṣọ́ọ̀bù mi tí kò ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó dá a padà. Tí àwòrán bá gbọ̀n níbì kan, á kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sórí ìwé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí rẹ̀.

Nígbà tó ti ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ dé, ọmọ mẹ́fà padà sí lẹ́sìnnì aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó ń ṣe fún wọn. Ni fídíò kan bá jáde nípa tísà ìṣirò tí orí rẹ̀ dàrú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ku ọmọ kan ṣoṣo.

Lọ́sàn-án Sátidé, èmi àti ìyá ọmọ náà ń wo fídíò yẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun náà fẹ́ yọ ọmọ òun kúrò ní lẹ́sìnnì. Bí tísà ṣe wọlé nìyẹn. Òṣèré tó ṣe tísà nínú fídíò náà ń pariwo níwájú bọ́ọ̀dù.

"Ẹ dá a dúró." Tísà fi ìka kan ìlà kẹta lára bọ́ọ̀dù inú tẹlifíṣọ̀n. "Méje lọ́nà mẹ́jọ kì í ṣe mẹ́rìnléláàádọ́ta."

"Tísà, fídíò yìí ò dùn yín ni?" Ìyá náà ló bi í.

"Ìṣirò yẹn dùn mí. Ní ti wèrè yẹn, òṣèré náà ṣe é dáadáa."

Ìyá náà wo bọ́ọ̀dù yẹn títí. "Aago mẹ́rin náà lọmọ mi máa wá o."

Tísà yá fídíò náà lọ. Ó ká a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó dá a padà. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn ní: "Ìṣẹ́jú kọkànlélógójì: 56."