Èmi Tí Mo Pọn Gbóyèga

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú àbúrò mi. Bọ́sẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Adó, Kérésìmesì sí Kérésìmesì la fi ń rí i ní Ìtàjí. Èmi Àrìnkẹ́ tí mò ń yan gàrí nínú èéfín, èmi ni mo pọn Gbóyèga, àbíkẹ́yìn wa, nígbà tí ìyá wa kú. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà náà.

Lọ́dún tó kọjá, mùdùnmúdùn inú eegun Gbóyèga kò ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Dókítà Abdulazeez ní kí ọmọ ìyá rẹ̀ kan fún un ní tirẹ̀. Èmi àgbà ni mo kọ́kọ́ na apá fún àyẹ̀wò, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ Bọ́sẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tèmi náà ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà pè. “Màmá, ti Bọ́sẹ̀ ló bá a mu. Tiyín kò bá a mu.”

“Kí ló ṣe tèmi?”

Ó ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ní àmì tirẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tí mùdùnmúdùn ń pèsè, a sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí àmì rẹ̀ bá ṣàjèjì, wọn á lẹ̀ mọ́ ọn, wọn á dá ihò sí i lára, wọn á da oró sí i nínú títí yóò fi kú. “Bí a bá lo tiyín, àwọn ọmọ ogun yín lè pa Gbóyèga.”

Èmi! Èmi tí Gbóyèga tọ̀ sí lẹ́yìn! Bọ́sẹ̀ tí kò fọ ìlédìí kan rí ni yóò wá gbà á là? Wọ́n bi mí nílé, mo ní dókítà ò tíì pè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, Ọjọ́rú kọjá, mo bu omi sẹ́nu.

Lọ́jọ́bọ̀, imú Gbóyèga ń ṣẹ̀jẹ̀, kò dá. Ó di ọwọ́ mi mú. “Àǹtí mi, ẹ bá mi pe Bọ́sẹ̀, kí n dágbére fún un. Ẹ̀yin ni n ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dágbére fún.”

Yéè! Mo pe Bọ́sẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò tilẹ̀ bú mi. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Wọ́n fi mùdùnmúdùn Bọ́sẹ̀ sí Gbóyèga lára, ó ti padà sóko báyìí. Àwọn ọmọ ogun Bọ́sẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ó ṣì ń ta mí lára, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ò mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe jóòótọ́ tó: ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pa ọmọ tí mo pọn.